Ẹ̀kọ́ lọ́yà: Etí ló ṣíwájú ẹnu

Bí wọ́n bá ní ọmọ kan ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn ará ilé ni pé ọmọ náà á mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọdé tó bá lẹ́nu láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá, àwọn àgbà á ní, "Lọ́yà lèyí máa dà." Aṣọ dúdú, irun funfun tí wọ́n ń dé sórí, àti òyìnbó tó ń dún lẹ́nu bí agogo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá agbẹjọ́rò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi iṣẹ́ náà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ pé ẹjọ́ lè ti bàjẹ́ kó tó dé iwájú adájọ́ rárá. Ọjọ́ tí oníbàárà kọ́kọ́ jókòó síwájú lọ́yà rẹ̀ láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tí lọ́yà náà kò sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ọjọ́ náà ni ẹjọ́ mìíràn ti ń kú.

Ìdí nìyí tí àwọn yunifásítì kan ní Nàìjíríà fi dá ohun tí wọ́n ń pè ní kílíníìkì òfin sílẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sì sí oògùn. Bí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ṣe gbọ́dọ̀ tọ́jú aláìsàn lójú ọ̀gá rẹ̀ kó tó dá dúró, bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tálákà níbẹ̀ lójú olùkọ́ tó jẹ́ lọ́yà. Àwọn tó wá kò ní san kọ́bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi ẹjọ́ wọn mọ iṣẹ́.

Láti ayé Sapara Williams

Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Sierra Leone ní 1855, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà. Ìlú London ni wọ́n ti gbà á wọlé sínú iṣẹ́ náà ní 1879, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Èkó ní 1888. Obìnrin àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé ipasẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni Stella Thomas, ọmọ bíbí Èkó, tí òun náà gba ìwé ẹ̀rí ní London ní 1933. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ di lọ́yà gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílùú òyìnbó.

Àmọ́ ìṣòro kan wà nínú ètò yẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oríṣi lọ́yà méjì ló wà. Ọ̀kan ló ń gbọ́ tẹnu oníbàárà, tó ń to ìwé ẹjọ́. Èkejì ló ń wọṣọ, tó ń lọ bá adájọ́ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ẹnìkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lọ kọ́. Nígbà tí wọ́n bá sì padà délé, iṣẹ́ méjèèjì ló ń já lé wọn léjìká, nítorí pé ní Nàìjíríà, lọ́yà kan náà ló ń gbọ́ ẹjọ́ ní ọ́fíìsì, òun náà ló ń rò ó ní kóòtù. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jókòó ti oníbàárà.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 1959 láti wo ọ̀rọ̀ náà. Látàrí àbọ̀ ìgbìmọ̀ yìí, wọ́n ṣe òfin ẹ̀kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní 1962, Law School Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1997, wọ́n gbé orílé-iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Bwari, lẹ́bàá Àbújá, ó sì ti ní ẹ̀ka ní ìlú mìíràn láti ìgbà náà, títí kan Èkó, Enugu, Kano, Yenagoa àti Yola. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ìdánwò JAMB wọlé á lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì kó tó dé Law School, níbi tí wọ́n ti máa fi iṣẹ́ gan-an kọ́ ọ, tí wọ́n á sì tún fi í ránṣẹ́ sí kóòtù àti ọ́fíìsì lọ́yà láti lọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Síbẹ̀, ẹ̀sùn tí àwọn àgbà lọ́yà máa ń fi kan ètò ẹ̀kọ́ náà ni pé àkọ́sórí ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka orúkọ ẹjọ́ ọgọ́rùn-ún láìwo ìwé, kó má sì mọ ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ opó tí wọ́n lé jáde nílé ọkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí 2008, Law School yí ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ padà, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ṣe iṣẹ́ náà fúnra wọn dípò kí wọ́n kàn máa kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ sílẹ̀. Ṣáájú èyí, ní 2003, wọ́n ti dá ẹgbẹ́ NULAI sílẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ernest Ojukwu, tó jẹ́ SAN, léwájú nínú rẹ̀, láti ti àwọn yunifásítì lẹ́yìn kí wọ́n lè ní kílíníìkì òfin. Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá Àkókó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá tiwọn sílẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ti àwọn obìnrin ni wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, fún ìyá tí ọkọ ń lù, tàbí èyí tí kò rí owó oúnjẹ ọmọ gbà.

Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣàdédé kojú oníbàárà. Láàárín ara wọn ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ dánra wò. Ẹnìkan á ṣe bí oníbàárà, ẹni méjì á ṣe bí lọ́yà, olùkọ́ á sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tí yóò máa wò wọ́n. Ìdíje pàápàá wà lórí rẹ̀, láàárín yunifásítì sí yunifásítì, àti láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, gbólóhùn díẹ̀ péré ni wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun tí oníbàárà ń bọ̀ wá bá wọn sọ. Ìyókù, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ. Ẹni tó ń ṣe oníbàárà náà sì lè ní ohun kan nínú tí kò ní sọ àyàfi tí wọ́n bá bi í dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ń dáhùn kó tó gbọ́ ìbéèrè tán kò ní mọ nǹkan ọ̀hún títí tí wọ́n á fi pe àkókò.

Nígbà tí ẹjọ́ gidi bá dé, ẹni méjì ló sábà máa ń gbọ́ ọ, ẹnìkan ń béèrè, ẹnìkejì ń kọ sílẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tó wá sọ tinú rẹ̀ láìdá a lẹ́nu dúró. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù á wá tẹ̀lé e: "Ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀?" Ìbéèrè kékeré ni lójú àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n ọjọ́ lè gba ẹjọ́ là tàbí kó pa á. Fún àpẹẹrẹ, ẹni tí ilé ẹjọ́ gíga dá lẹ́bi nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, oṣù mẹ́ta péré ló ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìdájọ́ tó parí ẹjọ́ náà. Ẹni tó bá dé kílíníìkì ní oṣù karùn-ún ti ní ìṣòro mìíràn lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá gbọ́ tán, wọ́n á tún ẹjọ́ náà sọ fún ẹni tó ni ín: "Bàbá, ohun tí a gbọ́ lẹ́nu yín rèé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?" Níbẹ̀ ni bàbá á ti ní, "Rárá o, ọmọ mi, àbúrò ìyá mi ni mo wí, kì í ṣe àbúrò bàbá mi." Ìyàtọ̀ yìí nìkan lè yí ẹjọ́ ogún padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé ẹjọ́ yìí á dára tàbí kò ní dára. Á lọ bá olùkọ́, wọ́n á jọ wo ìwé òfin, wọ́n á sì tún pe oníbàárà padà láti fi gbogbo ọ̀nà tó wà hàn án, kó lè fúnra rẹ̀ mú èyí tó bá fẹ́.

Ilé ẹjọ́ kì í sì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òfin ìwà àwọn agbẹjọ́rò, èyí tí wọ́n ṣe ní 2007 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2023, sọ pé lọ́yà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé wọ́n lè parí ìjà láìdé kóòtù. Ní Èkó, láti 2002 ni wọ́n ti ní ilé ìlàjà tí wọ́n ń pè ní Multi-Door Courthouse. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé, ṣé ará ilé kan náà ni àwọn tó ń jà yìí, ṣé wọ́n ṣì máa jọ gbé lẹ́yìn ẹjọ́?

Ó tà á ni, àbí ó fi dógò?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ń fi hàn jù bí etí ṣe ṣe pàtàkì tó. Ká ní bàbá àgbẹ̀ ẹni àádọ́rin ọdún wọlé sí kílíníìkì, tó ní: "Ọmọ mi, bàbá mi ló fún wọn nílẹ̀ yẹn kí wọ́n máa dáko. Ní báyìí, àwọn ọmọ wọn ní àwọn ló ni ín, wọ́n ti ń tà á." Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú, tó ń gbọ́ Yorùbá tó sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀, lè kọ ọ́ pé bàbá oníbàárà fi ilẹ̀ náà ta àwọn kan lọ́rẹ. Bó bá kọ bẹ́ẹ̀, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ilẹ̀ náà fún ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́. Ohun tí a bá ti fi ta ẹnìyàn lọ́rẹ pátápátá, a kò tún ní gbà á padà.

Ohun tí bàbá sọ kò sì jọ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, "ó fún wọn nílẹ̀" lè túmọ̀ sí nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó tà á. Ó lè jẹ́ pé ó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ó lè jẹ́ pé ó fi dógò nítorí owó tó yá. Ó sì lè jẹ́ pé ó kàn gbà wọ́n láyè láti máa dáko níbẹ̀, kí wọ́n sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀, onílẹ̀ ṣì ni onílẹ̀. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè lo ilẹ̀ náà, àwọn ọmọ rẹ̀ náà lè máa lò ó, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tà á láìgba àṣẹ, kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé òun ló ni ín. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ lè gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ dógò, òfin ìbílẹ̀ ní bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹni tó fi ilẹ̀ dógò tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ lè san owó náà kí wọ́n gba ilẹ̀ wọn padà.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bàbá kì í ṣe ti inú ìwé. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń gbé wá fún bàbá yín lẹ́yìn ìkórè?" Bí bàbá bá ní, "Iṣu ni, àti garawa epo kan lọ́dọọdún, títí bàbá mi fi kú," ìṣákọ́lẹ̀ ti ń yọjú nìyẹn. "Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé e wá? Ṣé ẹni náà ṣì wà láyé?" Ẹlẹ́rìí ti ń yọjú. "Ṣé ilẹ̀ bàbá yín nìkan ni, àbí ilẹ̀ ẹbí?" Èyí náà ṣe kókó, nítorí pé bí ẹnìkan nínú ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n lè lọ sí kóòtù láti yí i padà, bí wọn kò bá fi falẹ̀.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti sọ ọ́ ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, pé ọ̀nà márùn-ún ni ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìtàn àtẹnudẹ́nu. Èkejì ni ìwé ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni lílo àṣẹ onílẹ̀ lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bíi kéèyàn máa dáko níbẹ̀ tàbí kó máa fi lélẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹrin ni kí ilẹ̀ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ̀karùn-ún ni kéèyàn ni ilẹ̀ tó fara kàn án, débi tí yóò fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà ló ni èyí.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu yìí ni ọ̀pọ̀ bàbá àgbẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé, ó sì ní òfin tirẹ̀. Oníbàárà gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, àti orúkọ gbogbo àwọn tó jogún rẹ̀ tẹ̀ léra títí tó fi kàn án, láìfo ẹnìkan. Bí orúkọ kan bá sọnù láàárín, ìtàn ti já. Bí ìtàn ẹ̀yìn méjèèjì bá sì ta kora, àdájọ́ ẹjọ́ Kojo àti Bonsie ní 1957 fi hàn pé adájọ́ á wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà láìpẹ́ yìí, láti mọ ìtàn tó ṣeé gbà gbọ́ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá béèrè ẹni tó gbin kòkó tó wà níbẹ̀ báyìí ti fi nǹkan pàtàkì sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ogún. Bí àgbà kan bá sọ pé ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín ogún nílé àwọn, ohun tó ń sọ ni pé iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n ń wò. Bó bá ní orí-ò-jorí ni, iye ọmọ ni wọ́n ń wò. Ilé ẹjọ́ ti gba ìdí-igi gẹ́gẹ́ bí àṣà tó bófin mu nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, èyí tó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ní London ní 1962. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan tọ́ dàgbà ní ìgboro, tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, á jókòó ti àgbà náà láìgbọ́ ohun tó ń wí.

Àṣírí àti ọ̀wọ̀

Ohun mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ ń bá yí ni ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kò lè ṣàdédé máa bi ẹni tó tó bàbá rẹ̀ àgbà bóyá òótọ́ ló ń sọ. Ó gbọ́dọ̀ kí i bó ṣe yẹ, kó lo "ẹ", kó sì wá ọ̀nà béèrè ohun tó korò. Lọ́pọ̀ ìgbà, àgbà kì í dá wá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á tẹ̀lé e, òun ni yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà lè wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ ogún náà kàn. Wọ́n máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó fi ọgbọ́n sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwa àti bàbá láyè díẹ̀. Òfin ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀."

Lóòótọ́ ni òfin ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí oníbàárà bá sọ fún lọ́yà rẹ̀, àṣírí ni. Lọ́yà kò gbọ́dọ̀ tú u síta láìgba àṣẹ oníbàárà, àfi ní ìwọ̀nba ìgbà tí òfin yọ sílẹ̀, bíi ìgbà tí oníbàárà bá fẹ́ lo lọ́yà náà láti dá ọ̀ràn. Kílíníìkì náà fi èyí de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ máa fi ẹjọ́ ẹni ẹlẹ́ni ṣe ìtàn ní yàrá tí wọ́n ń sùn. Fún ìyá tí ọkọ ń lù, tó yọ́ jáde láti wá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìwà láàyè ni.

Nígbà tó bá wá kan ẹnu

Èyí kò sọ pé ẹnu kò ṣe pàtàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ẹjọ́ rírò nínú ilé ẹjọ́ àfidánrawò, níbi tí olùkọ́ tàbí adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ti máa jókòó bí adájọ́. Yunifásítì Pretoria ní South Africa ti ń ṣe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn fún gbogbo Áfíríkà láti 1992. Ohun tó wúlò jù nínú rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ro ẹjọ́ náà fún olùpẹjọ́, kó tún rò ó fún olùjẹ́jọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá ti dúró síhà méjèèjì á mọ ibi tí ẹjọ́ tirẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó.

Wọ́n tún ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń bi ẹlẹ́rìí léèrè. Òfin ẹ̀rí ti 2011 kò gba lọ́yà láyè láti fi ìdáhùn sẹ́nu ẹlẹ́rìí tí òun fúnra rẹ̀ pè, lórí ohun tí ìjà wà lé. Kò lè ní, "Ṣé ẹ rí ọkùnrin yìí nígbà tó ń gé kòkó yín lóru?" "Kí lẹ rí lóru ọjọ́ náà?" ló yẹ kó béèrè. Àmọ́ nígbà tó bá kan ẹlẹ́rìí ẹnìkejì, ó lè béèrè bó ṣe fẹ́: "Kò sí òṣùpá lálẹ́ ọjọ́ náà, àbí ó wà? Ẹ kò sì mú iná dání?" Bí ẹlẹ́rìí bá ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí lọ́yà jókòó. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló máa ń fi ìbéèrè kan lé e, tí ẹlẹ́rìí á sì fi ìyẹn tún gbogbo ohun tó ti bàjẹ́ ṣe.

Bí ẹlẹ́rìí kò bá gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ló máa wà láàárín. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ láti fi gbólóhùn kúkúrú béèrè, kí ọ̀rọ̀ má baà yí padà lẹ́nu ògbufọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, tí kò sì gbọ́ èdè kóòtù, òfin ìpìlẹ̀ 1999 fún un ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsan owó.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, ìdánrawò ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dúró fún ẹnikẹ́ni níwájú adájọ́ gidi títí tí wọ́n á fi gbà á wọlé sínú iṣẹ́ agbẹjọ́rò, tí orúkọ rẹ̀ á sì wọ ìwé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, lọ́yà gidi ni kílíníìkì ń wá.

Ẹni tó wà látìmọ́lé

Ibi mìíràn tí àwọn kílíníìkì yìí ń dé ni ọgbà ẹ̀wọ̀n, níbi tó jẹ́ pé ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́. Òfin ìpìlẹ̀ sọ pé bí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, ọjọ́ kan ni ọlọ́pàá ní láti gbé e dé iwájú adájọ́. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó tọ́. Ẹni tí wọ́n mú lábúlé, tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò mọ èyí, lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á béèrè ọjọ́ tí wọ́n mú un, ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i létí, àti bóyá ó rí onídùúró. Olùkọ́ á gbà á lọ́wọ́ wọn, á sì gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà tàbí Legal Aid Council, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976 fún àwọn tí kò lówó lọ́yà. Òfin àjọ náà ti 2011 pàápàá mọ kílíníìkì òfin sí alábàáṣiṣẹ́.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀

Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ní kílíníìkì, àwọn tó sì ní in kì í lè gba gbogbo ẹjọ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ lè pẹ́ ju ọdún márùn-ún tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ lò lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gboyè jáde, ẹlòmíràn ló máa gba fáìlì, bí kò bá sì sí ìwé tó kún, àgbà á tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Èyí tí ASUU ṣe ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí kóòtù dá fún oníbàárà kì í dúró de yunifásítì. Ìdí nìyí tí kílíníìkì fi gbọ́dọ̀ ní olùkọ́ tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò máa bá a lọ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò bá sí nílé.

Ohun tó yẹ kí ẹ mú dání

Ẹni tó bá ní ẹjọ́ tí kò sì lówó lọ́yà lè lọ béèrè ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì tó sún mọ́ ọn, bóyá wọ́n ní kílíníìkì, àti ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbọ́ ẹjọ́. Kó mú gbogbo ìwé tó ní lọ, rìsíìtì, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, ìwé kóòtù, àní èyí tí eku ti jẹ létí pàápàá. Kó kọ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, tàbí kó fi nǹkan tí gbogbo ìlú mọ̀ dá ìgbà náà mọ̀, bíi ọdún tí ọba kan gorí ìtẹ́. Kó mọ orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí tó ṣì wà láyé. Kó má ṣe fi èyí tó burú pamọ́, nítorí pé ẹni tí wọ́n jọ ń ṣẹjọ́ kò ní fi pamọ́ fún adájọ́. Kó fi èdè tó gbọ́ jù sọ̀rọ̀, kó má sì tijú láti sọ pé, "Ọmọ mi, ohun tí mo wí kọ́ lo kọ yẹn."

Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá béèrè owó kó tó gbọ́ ẹjọ́, kí ẹ lọ sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó o.